Kí Ẹ Tó Yan DJ Ìgbéyàwó Yín

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lọ́dọọdún ni ẹnì kan nínú àwọn tó ti jókòó ní kíláàsì yìí rí máa ń kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Inú mi máa ń dùn. Bí mo bá ti kí i kú oríire tán, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn orin Yorùbá wo ni kí n sọ fún DJ pé kó lò?" Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Ìlú Ọba. Àwọn mìíràn jẹ́ òyìnbó, tàbí ọmọ Jàmáíkà, tó fẹ́ fi ọmọ Yorùbá ṣe ọkọ tàbí aya. Gbogbo wọn rò pé ìbéèrè kékeré ni. Wọ́n ń retí pé kí n to orin mẹ́wàá sórí ìwé.

N kì í to orin mẹ́wàá fún wọn. Èrò mi ni pé ẹni tó máa lo orin ṣe pàtàkì ju orin tí a kọ sórí ìwé lọ. Bí DJ méjì bá wà níwájú yín, ẹ mú èyí tó gbọ́ Yorùbá, kódà bí sípíkà rẹ̀ bá kéré sí ti èkejì. Ẹ má sì fi yíyan orin sílẹ̀ fún un pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí èrò yìí, nítorí àṣìṣe ara mi ló kọ́ mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó ní East Dulwich. Ẹ̀yin tí ẹ mọ apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé East Dulwich kò jìnnà sí Peckham. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 37 ní Peckham, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé Goose Green, níbi tí òpópónà Lordship Lane ti bẹ̀rẹ̀. Ní Rye Lane, ẹ ó rí iṣu, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, àǹkárá àti léèsì, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń nájà. Ní Lordship Lane, ilé kọfí àti ilé ìtajà wáìnì ni ẹ ó rí. Rye Lane la ti ra nǹkan tí a fi se oúnjẹ ìnáwó náà. East Dulwich la ti gba gbọ̀ngàn.

Èmi ni wọ́n ní kí n wá DJ. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo rí: èló ni owó rẹ̀, sípíkà mélòó ló ní, ṣé iná rẹ̀ máa ń yí? Ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Mo san àsansílẹ̀, mo sì lọ sùn.

Màmá wa wá láti Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Kí oúnjẹ tó dé, wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ DJ kó fi orin Yusuf Ọlátúnjí sí i, kí àwọn lè gbọ́ sákárà díẹ̀. DJ wò mí lójú, ó ní òun kò mọ ẹni náà. Màmá ní kò burú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, olóòtú ètò pe àwọn òbí ìyàwó jáde láti jó. Bàbá wa kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n kú, nítorí náà àbúrò wọn ló dúró sí ipò wọn. DJ fi orin jùjú kan sí i. Gìtá rẹ̀ dùn, ìlù rẹ̀ ń lọ bí omi. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n ti ń yọ owó. Ṣùgbọ́n mo rí màmá wa tí wọ́n dúró láàárín agbo, tí wọ́n di ìborùn wọn mú, tí wọn kò mira. Àwọn àǹtí mi tó wà lẹ́yìn wọn náà dúró. Orin arò ni DJ fi sí i. Olórin náà kọ ọ́ láti fi dárò ẹnì kan tó kú. Ó ń pe orúkọ òkú, ó ń kí àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ lọ.

Mo sáré lọ bá DJ, ó sì yí orin náà pa dà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Màmá rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n lọ jókòó. Nígbà tí mo ń wà wọ́n lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní, "Mo wá síbi ìgbéyàwó ọmọ mi, n ò sì jó." Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́.

N kò lè bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èdè. Gìtá ló gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ni ní Yorùbá, tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀, ni n kò bi í bóyá ó gbọ́ èdè náà.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé orin kì í ṣe orin ni? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jó sí orin èdè tí wọn kò gbọ́, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nǹkan tí etí yín ń pè ní ìlù lásán. Ẹ ti kọ́ ní kíláàsì pé ohùn ló ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Gángan kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ló ní, ohùn náà ló sì fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo orúkọ oríkì mẹ́ta yìí: Àdùkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Bí onígángan bá fi ìlù pe ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, obìnrin mẹ́ta lè gbójú sókè. Àjọkẹ́ kò ní gbójú sókè, nítorí ohùn àárín ló wà láàárín orúkọ tirẹ̀. Báwo wá ni a ṣe ń mọ ẹni tí ìlù ń pè? A ń wo ibi tí onílù kọjú sí. A sì ń gbọ́ oríkì ìdílé tó máa ń lù tẹ̀ lé orúkọ náà. Ìdí nìyẹn tí onílù tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè orúkọ ìyá ìyàwó àti ìlú tí bàbá ọkọ ti wá kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè, ìlù rẹ̀ lè dùn títí, kò ní pe ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orin inú àwo rí. Orúkọ Túndé King ni a máa ń dá bí a bá ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ orin jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan wọ inú jùjú, ọ̀rọ̀ àti oríkì sì tún pọ̀ nínú rẹ̀ sí i. Fújì náà kò bẹ̀rẹ̀ bí orin ijó. Inú wéré ló ti jáde, ìyẹn orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí láti jẹ sààrì nínú oṣù Ramadan. Síkírù Àyìndé Barrister ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí fújì. Nínú jùjú àti fújì, ẹ ó gbọ́ àdúrà, ìmọ̀ràn, èébú, ẹ ó sì gbọ́ ìyìn àwọn olówó tó ń ná owó fún olórin. Orin kan lè gbádùn mọ́ yín gan-an, kó sì jẹ́ pé oríkì oníṣòwò kan ní Èkó ni ẹ ń jó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀. DJ tó gbọ́ èdè á mọ ibi tí àdúrà fún ọkọ àti ìyàwó wà nínú àwo náà, ibẹ̀ ni á sì gbé e sí.

Ẹnì kan lè sọ pé Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe Ìbàdàn, pé kí a má retí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí. N kò gbà. Orin Yorùbá ti pẹ́ ní ìlú yìí. Ní àwọn ọdún 1920 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1945, lọ́jọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù, Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lùlù káàkiri Piccadilly. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ló wá ń kọrin fún àwọn ọmọ Áfíríkà àti òyìnbó ní Soho. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Island, tó gbé orin Bob Marley jáde, gbé àwo King Sunny Adé jáde fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá ní kò sí orin wa ní Lọ́ńdọ̀nù kò tíì wá a.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó mọ ìgbà tí a ń lo èwo. Àpèjẹ ìgbéyàwó ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ní orin tó yẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn òbí bá ń wọlé, orin àdúrà àti orin ọpẹ́ ló yẹ. Nígbà oúnjẹ, kí orin rọlẹ̀. Orin háíláìfù bíi ti Victor Ọláìyá tàbí àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá máa ń bá ìgbà yìí mu, nítorí ènìyàn lè gbọ́ wọn kó sì máa bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Òwe wa ní ìlù tó bá dún jù, yíya ló fẹ́ ya. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè gba òwe yìí bó ṣe rí gan-an. Àwọn gbọ̀ngàn kan ní ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo. Bí ariwo bá kọjá ibi tí wọ́n fi í sí, ẹ̀rọ náà á pa iná mọ́ DJ lójú láàárín ijó.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà owó níná. Níbi tí DJ tí kò mọṣẹ́ ti máa ń kùnà jù nìyí. Orin ìsinsìnyí kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí ìyá ọkọ tó rìn dé iwájú, kó tó yọ owó nínú báàgì, orin ti yí pa dà, ìgbésẹ̀ ijó náà ti yí pa dà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olórin jùjú bíi Ebenezer Obey máa ń fi orin kan so mọ́ òmíràn láìdákẹ́, títí ojú kan àwo fi máa tán. Ìyẹn lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òde ìnáwó ni wọ́n ti kọ́ irú orin bẹ́ẹ̀, níbi tí olórin gbọ́dọ̀ dúró ti ẹni tó ń náwó títí owó ọwọ́ rẹ̀ fi tán. Ìlú Ọba ti yí nǹkan kan pa dà nínú àṣà yìí. Láti 1988 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti ná bébà pọ́ùn kan mọ́. Bébà tó kéré jù báyìí ni ti pọ́ùn márùn-ún. Ta ló fẹ́ lẹ ọgọ́rùn-ún bébà pọ́ùn márùn-ún mọ́ iwájú orí ìyàwó? Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣẹ́ owó sí dọ́là kan, dọ́là kan. Ṣùgbọ́n bí orin bá ń gé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, àti dọ́là àti pọ́ùn, inú báàgì ni wọ́n á wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré lè máa bínú díẹ̀ báyìí. Ẹ lè ní, "Ìgbéyàwó wa ni, kì í ṣe ti àwọn àgbà." Mo gbọ́ yín. N kò ní kí ẹ fi wákàtí mẹ́rin gbọ́ sákárà. N kò sì gbà pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń pe orin yín ní ariwo. Yorùbá ni Ọlámídé fi ń kọrin. Asake, tó kún gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2023, ń lo ègbè bí àwọn onífújì ṣe ń lò ó, orúkọ oríkì obìnrin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló sì ń jẹ́. Bí ẹ bá fi orin rẹ̀ tẹ̀ lé ti Barrister, ẹ ó gbọ́ pé ará ilé kan náà ni wọ́n. DJ tó gbọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀, á sì mú ọmọ ogún ọdún àti ẹni ọgọ́ta ọdún wà lójú agbo kan náà fún ìdajì wákàtí.

Ẹ tún lè ní, "Ìdílé ọkọ mi kì í ṣe Yorùbá." Ní Peckham, èyí wọ́pọ̀. Ẹ fún ìdílé kejì ní àsìkò tiwọn pẹ̀lú orin tiwọn, kí DJ sì mọ ọ̀rọ̀ inú orin tiwọn náà. Ohun tí mo ń béèrè fún ìyá mi ni mo ń béèrè fún ìyá ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Ìgbò tàbí òyìnbó.

Èkẹta ni owó. Ẹgbẹ́ olórin tó ń kọrin lójúkorojú wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n onígángan kan ṣoṣo fún wákàtí kan pẹ̀lú DJ tó gbọ́ èdè lè ṣe ohun tí iná tó ń yí kò lè ṣe. Bí ti onígángan pàápàá kò bá ṣeé ṣe, ìbéèrè kì í gba owó. Ẹ bi DJ ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí ni olórin yìí ń sọ nínú orin tí o fẹ́ lò fún ijó àwọn òbí? Àwọn orin wo lo kì í lò níbi ìgbéyàwó, kí sì nìdí? Bí ìyá àgbà kan bá bèèrè orin tí o kò ní, kí ni wàá ṣe? Ṣé o lè jẹ́ kí orin kan lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Bí ó bá dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ pé, "Ẹ má ṣèyọnu, orin àtijọ́ ni, àwọn àgbà máa fẹ́ràn rẹ̀," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìbéèrè kan ṣì kù, èyí kì í ṣe ti DJ. Ní Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀ láyé àtijọ́, kì í ṣe ẹni tí a háyà ló ń kọrin ìgbéyàwó. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń sun ẹkún ìyàwó. Á máa kọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, á sì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀, á fi tọrọ àdúrà kó tó lọ sílé ọkọ. Ó ní láti mọ ohun tó fẹ́ sọ fún àwọn òbí rẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú yín sunkún ní Lordship Lane. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó háyà ẹni tó máa fi orin sọ̀rọ̀ nípò yín, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó sọ.

Nígbà tí ó kan àbúrò wa ọkùnrin láti ṣe ìgbéyàwó, kí n tó wá DJ rárá, mo pe màmá lórí fóònù, mo ní kí wọ́n dárúkọ orin márùn-ún. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n sọ ẹni tó lùlù níbi ìgbéyàwó tiwọn fún mi. Wọ́n sọ orin tí bàbá wa fi ń yẹ́ wọn sí, àti èyí tí wọn kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí bàbá ti kú. Wọ́n lo ọ̀rọ̀ méjì tí n kò gbọ́ rí, èmi ọ̀mọ̀wé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé e fún DJ tuntun, ọkùnrin kan tó ka ìwé náà tán tó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, kẹrin yìí, apá kejì àwo náà ni mo máa lò. Apá kìíní, èébú ni wọ́n ń bú ara wọn níbẹ̀."

Orúnkún kò jẹ́ kí màmá lè wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́. Àbúrò mi gbé fóònù sókè lójú agbo kí wọ́n lè máa wò wá láti Ìbàdàn. Nígbà tí sákárà dé, mo rí wọn nínú fóònù. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n sì ń fi èjìká jó.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín fún ọ̀sẹ̀ yìí kò le. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó ń sọ Yorùbá, ì báà jẹ́ nínú ẹbí yín tàbí ní àdúgbò yín. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ béèrè orin mẹ́ta tó fẹ́ kí wọ́n lò níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìdí. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ẹ kò bá fara mọ́ èrò mi lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.